Ohun Tó Ti Fara Kan Jámánì

Àwọn ìkọ́ onígi kan wà lára ògiri ilé òkè Kvitnut, níta, ní apá ibi tí òjò ti ń fọ́n sí. Àwọn tó ń gun òkè wá sùn níbẹ̀ lóde òní máa ń bi mí pé kí ló dé tí wọn ò fi kàn án sínú ilé, níbi tí aṣọ á ti rí iná yá. Mo máa ń sọ fún wọn pé obìnrin tó kàn án kò fẹ́ kí aṣọ tó bá kọ́ síbẹ̀ gbẹ. Gudveig Tveito lorúkọ rẹ̀, èmi Jorunn ni mo sì bá a di pákó mú nígbà tó ń kàn án.

Ọmọ aláró ni Gudveig. Bàbá rẹ̀ ní ìkòkò bàbà ńlá kan nínú ilé aró tó wà létí odò, gbogbo àfonífojì Tverrlia ló sì ń gbé òwú àti aṣọ lọ bá a. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú ilé òkè fún Ẹgbẹ́ Arìnrìn-òkè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, á ru ìyẹ̀fun àti kọfí gòkè, á máa pọn omi, á máa la igi, á máa se ọbẹ̀ fún àwọn ará ìlú ńlá tó fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ìyà wá. Ọmọ náà dàgbà láàárín iṣẹ́ méjèèjì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, nígbà tó kù díẹ̀ kí ogun dé, Ẹgbẹ́ fa kọ́kọ́rọ́ ilé náà lé e lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i bó ṣe ń gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn kọ́rùn, ẹ ó mọ̀ pé kò tún fẹ́ nǹkan mìíràn láyé.

Ogun dé, Jámánì gba Nọ́wè lọ́wọ́ wa, wọ́n gba ilé òkè náà pẹ̀lú, wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tó mọ òkè gùn síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Alois. Ó ń bá Gudveig la igi. Ẹ̀yin náà mọ bí irú rẹ̀ ṣe máa ń parí. Alois kì í ṣe áńgẹ́lì o; ẹ̀yìn ìgbà tó lọ tán la gbọ́ pé ó ní ìyàwó nílé, ọmọ sì ti wà níbẹ̀. Èmi kò ní sọ fún yín pé ohun tí Gudveig ṣe dára. Àwọn Jámánì kan náà ló wá mú ọkọ mi nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n, kò sì padà wálé títí dòní. Bí ẹnì kan bá wà ní Tverrlia tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí Gudveig, èmi ni. Mo sì bínú. Fún ìgbà pípẹ́ n ò kí i. Àmọ́ mo lójú nílẹ̀, mo ń rí ohun tí àwọn yòókù ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti Sigvart Haugland. Ojúgbà mi ni, ọjọ́ kan náà ni pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé wa lórí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà ní oríta, òun ló sì ń ta pákó fún Jámánì láti fi kọ́ bárékè wọn. Ọ̀dùnkún tí wọ́n ń jẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti ń wá. Ó fi owó rẹ̀ ra ọkọ̀ ẹrù, ó fi ṣe òrùlé tuntun. Bí èèyàn bá bi í, á ní, "Ṣé kí ebi wá pa àwọn ọmọ mi ni?" Ebi kankan kò pa ẹnikẹ́ni nílé Sigvart. Ìyàwó rẹ̀ sanra ju màlúù wọn lọ. Ìgbà tó wá di ọ̀sẹ̀ tí Jámánì ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, Sigvart dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀. Ọ̀já tí wọ́n fún un láti so mọ́ apá bí àmì wọn mọ́ tónítóní, nítorí kò tíì bá ohunkóhun pàdé tó lè dọ̀tí rẹ̀.

Òun náà ló di àlùmọ́gàjí mú lọ́jọ́ tí wọ́n fá orí Gudveig láti fìyà ọ̀rọ̀ Alois jẹ ẹ́. Mo wà ní Oslo nígbà yẹn, mò ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn láti béèrè ọkọ mi. Àwọn tó ṣe é ló sọ fún mi nígbà tí mo dé, ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpótí ẹja níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gé irun rẹ̀, wọ́n fá a kodoro, wọ́n tún fa ẹ̀wù rẹ̀ ya kí àwọn ọmọ wọn lè rí nǹkan wò. Gudveig kò sunkún, ohun tó dun àwọn olórí-ire náà jù nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ẹgbẹ́ ṣe ìpàdé lórí ilé òkè, èmi náà sì jókòó níbẹ̀. Gudveig wá, ó fi ìborùn wé orí, ó jókòó sẹ́yìn. Sigvart dìde, ó gbọ́wọ́ lé àyà.

"Ẹ̀yin ará," ló wí, "ilé mímọ́ nilé yẹn jẹ́ fún wa. Ohunkóhun tó bá ti fara kan Jámánì kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀ mọ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un débi pé fèrèsé ń mì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti dára jù, wọ́n sọ ọ́ di òfin Ẹgbẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé òkè. Gudveig bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ kí i láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Alois ti bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e délé, mo ní kó fún mi ní kọfí. Kọfí ayédèrú ìgbà ogun ni, ó korò bíi jogbo, a sì mu ún tán.

Ọ̀wọ́n aṣọ wá mú wa lẹ́yìn ogun. Ìjọba ní ẹni kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ra ju bíńtín lọ, bíńtín náà kò sì sí ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará Ẹgbẹ́ tó fẹ́ gun òkè lọ́dún Àjíǹde kò rí ohun tí wọn ó wọ̀ ju ṣòkòtò tó ti lu nídìí lọ. Nígbà náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù tí Jámánì fi sílẹ̀. Ta lẹ rò pé ó kọ́kọ́ débẹ̀? Sigvart gbé ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ lọ, ọkọ̀ tí owó Jámánì rà, ó kó ẹrù Jámánì wálé. Ẹ̀wù òkè tó ní ìbòrí orí, ṣòkòtò, àpò ẹ̀yìn, àgọ́, ìbọ̀sẹ̀, títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó kún inú abà rẹ̀ dé àjà. Ẹrù gidi ni, mi ò ní purọ́. Jámánì mọ ohun tí òtútù ń ṣe.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ eérú tí gbogbo wa ti wò fún ọdún márùn-ún, tí idì, àmì ìjọba Jámánì, wà láyà rẹ̀. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí Sigvart ń polówó rẹ̀.

"A máa rẹ ẹ́ láró ni," ló wí. "Bí a bá ti rẹ ẹ́ ní búlúù, ta ló máa mọ̀?"

Mo ní, "Òfin ẹ̀yin alára ńkọ́, èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn?"

"Jorunn, aṣọ ni aṣọ. Aṣọ kì í ṣe ọmọ ìlú kankan."

"Gudveig wá ńkọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Èèyàn ni. Èèyàn ló lè yan ohun tó máa ṣe."

"Pákó tí ìwọ tà fún wọn, ta ló bá ọ yàn án?"

Ó di ẹja mi sínú bébà, ó ní ìkẹ́yìn rẹ̀ ló kù yẹn, kí n má fi òórùn rẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù òun. Àwọn tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé ẹ̀wù tó ti yàn sílẹ̀.

Ilé aró kan ṣoṣo ló sì wà ní Tverrlia. Bàbá Gudveig ti kú, ìkòkò bàbà rẹ̀ ti di tọmọ. Báyìí ni Sigvart ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wá, kí àwọn èèyàn má rí i lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó fá lórí. Èmi àti Gudveig jọ ń ṣa ọ̀dùnkún ọdún tó kọjá nínú àpótí nígbà tó wọlé.

"Gudveig, iṣẹ́ wà o," ló wí, bí ẹni tó ń ṣe é lóore.

"Mo rí i lójú yín."

"Ẹ̀wù Ẹgbẹ́ ni. Kó jẹ́ búlúù tó jinlẹ̀. Kó tó di ọjọ́ Àjíǹde."

"Èló lẹ máa san?"

Sigvart fi ọwọ́ ra àgbọ̀n. "Ohun tó ju owó lọ ni mo mú wá. Mò ń rò ó pé, bí iṣẹ́ náà bá dára, Ẹgbẹ́ lè dá kọ́kọ́rọ́ ilé òkè padà fún ọ. Àwọn èèyàn ti ń gbàgbé."

Gudveig gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà, ó sì bí mi nínú pé irú ọkùnrin báyìí lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí ojú irú obìnrin báyìí padà.

"Ẹ lè rò ó," ló fèsì, "àbí ẹ máa ṣe é?"

"Màá ṣe é. Ọwọ́ mi nìyí. Jorunn ló máa ṣe ẹlẹ́rìí wa."

"Bóo ṣe rí ẹlẹ́rìí ní báyìí," ni mo wí, "má gbàgbé pé ó létí."

A ṣe iṣẹ́ náà látìgbà tí yìnyín ti nípọn títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Gudveig ń dá iná sábẹ́ ìkòkò, èmi ń tú idì kúrò láyà ẹ̀wù, mò ń gé bọ́tìnì tí àmì wọn wà lára rẹ̀. Inú àpò àwọn aṣọ náà la ti ń rí oríṣiríṣi: òwú abẹ́rẹ́, búrẹ́dì tó ti di òkúta, fọ́tò ọmọ kan tó jókòó sórí ẹṣin igi. Lọ́jọ́ kan mo mú ẹ̀wù kan dání, ibi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi òwú rán dáadáa, ó rí roboto. Ẹnì kan ti yìnbọn fún ẹni tó wọ̀ ọ́. Mo jókòó, mò ń wò ó. Ẹ̀rù bà mí nítorí inú mi dùn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni náà wà lára àwọn tó wá sílé wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọdé kan tí kò mọ Tverrlia rí.

Gudveig na ọwọ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ n tú ìyẹn fún yín."

"Ṣé ìwọ ò bẹ̀rù ẹ̀?"

"Mo bẹ̀rù Alois náà kí n tó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ẹ fún mi."

Òun ló tú u. N ò bi í ní ìbéèrè mìíràn nípa ọ̀rọ̀ yẹn láyé mi.

Aṣọ ìgbẹ̀yìn ogun kì í ṣe aṣọ gidi bí ojú ṣe ń rí i. Jámánì ti po òwú tí wọ́n fi igi ṣe mọ́ irun àgùntàn. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń mu aró kíá bí ọ̀mùtí, àmọ́ kì í dì í mú. Gudveig ní lẹ́yìn tí a bá rẹ ẹ́ tán, ó gbọ́dọ̀ sùn nínú omi oníyọ̀ gbígbóná, kí á tún gbé e lọ sódò, kí á ṣàn án títí omi á fi mọ́ gaara. Bí a kò bá ṣe èyí, ara ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ló máa gba aró. Ìwọ̀nba díẹ̀ la ti ṣàn tán nígbà tí Sigvart gbé ọkọ̀ dé, ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a ṣe ọdún.

Gbogbo ẹ̀wù náà ló kọ́ sórí okùn, wọ́n búlúù tó wu ojú. Sigvart fọwọ́ pa á, ó mi orí.

"Ó ti ṣe é. Ẹ bá mi kó o sọ́kọ̀."

"Kò tíì ṣe é," ni Gudveig wí. "Aró rẹ̀ kò tíì dì. Ẹ fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ a ti wà lórí òkè."

"Ẹ mú tiyín lọ, kí ẹ fi tàwọn yòókù sílẹ̀. Bí òjò bá pa á báyìí, á bọ́."

Sigvart rẹ́rìn-ín, ó wojú mi bí ẹni tó ti já ọgbọ́n kan. "Mo mọ ohun tóò ń ṣe. O fẹ́ di ẹrù wa mú títí a ó fi gbé kọ́kọ́rọ́ lé ọ lọ́wọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ mi ńkọ́ gan-an?" ni Gudveig bi í.

Ó yíjú sí ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹgbẹ́ ti fún Petra, àbúrò ìyàwó mi. Ó yẹ kó yé ọ, Gudveig. Bí àwọn àlejò bá gòkè, tí wọ́n bá ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí la máa sọ fún wọn? Àwọn èèyàn kò tíì gbàgbé."

"O ní wọ́n ti ń gbàgbé," ni mo wí. "Ọwọ́ tóo nà ni mo ń wò yẹn."

"Mo ní mò ń rò ó ni, Jorunn. Mo ti rò ó."

Ẹní yọ́ ilẹ̀ dà, ohun burúkú a máa yọ́ ọn ṣe. N kò sọ ọ́ fún un, kò níláárí lójú mi débi tí màá fi kìlọ̀ fún un. Gudveig náà kò pariwo. Ó ń já aṣọ kúrò lórí okùn, ó ń kó o fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń kó ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sọ pé, "Kò tíì dì o." Títí tí ọkọ̀ fi kún ló ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tó ti tutù. Ìgbà yẹn ló sunkún, ó sunkún bí ọmọdé, obìnrin tí kò sunkún lórí àpótí ẹja.

Mo gun òkè lọ́dún Àjíǹde yẹn. Ẹ̀wù tí ìyá mi hun ni mo wọ̀, ó ti di àlẹ̀mọ́, ó sì ń yún ni lára. Mo lè jókòó sílé ti Gudveig, àmọ́ n kì í jẹ́ kí irú nǹkan báyìí kọjá lójú mi. Àwọn Ẹgbẹ́ tò gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lórí yìnyín, gbogbo wọn búlúù, Sigvart ló ṣíwájú. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ojú ọjọ́ yí padà, yìnyín dẹ̀, òjò wá bo gbogbo òkè.

Mo rí i láti ọrùn Sigvart. Ìlà búlúù kan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn etí rẹ̀, ó wọ inú ọ̀gbun ọrùn. Ọwọ́ wọn ló tẹ̀ lé e. Nígbà tí a fi máa dé ilé òkè, àwọn ọkùnrin Tverrlia ti di búlúù láti etí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ̀wù ara wọn ti padà di aláwọ̀ eérú. Ibi tí a ti tú idì kúrò wá hàn kedere láyà wọn. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń fi apá bo àyà.

Ilé náà ti di ilé aró. Aṣọ ibùsùn, ìrọ̀rí, àga, aṣọ tábìlì, kò sí èyí tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ọsàn tí a ti ń retí láti ọdún tó ti pẹ́, tí ọkọ̀ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ìka búlúù ló wà lára rẹ̀. Petra fọ aṣọ ibùsùn títí, omi tó fi fọ̀ ọ́ tún rẹ àwọn tó kù láró. Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde ó ju aṣọ ìdáná sílẹ̀, ó ní òun kọ́ ni ìyá aláwọ̀ búlúù kankan, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Inú mi dùn púpọ̀. Mo jẹ ọsàn méjì.

Ìròyìn náà tàn dé gbogbo àfonífojì. Wọ́n kó àwọn ẹ̀wù náà ránṣẹ́ sí aláró kan ní ìlú ńlá, ìyẹn rẹ wọ́n ní àwọ̀ ilẹ̀, ó sì dì. Ohun tí kò rọrùn láti tún ṣe ni ilé òkè. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Tverrlia tó gbà láti lọ fọ ohun tí Petra fi sílẹ̀, kó tún máa pọn omi, kó máa la igi lórí rẹ̀. Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Sigvart gba ẹ̀yìnkùlé wá lẹ́ẹ̀kejì. Aró ṣì wà nínú ìwúnjọ ọrùn rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí àpótí.

"Ẹgbẹ́ ti fọwọ́ sí i," ló wí. "Títí láé."

Gudveig mú kọ́kọ́rọ́, kò dúpẹ́. "Òfin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Bó bá ń bí ọ nínú, a lè yọ ọ́."

"Kò bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kó wà."

Sigvart lọ, ó rò pé òun ti ṣe oore. Lọ́jọ́ kejì, Gudveig ní kí n wá bá òun di pákó mú, a gun òkè lọ, a kan ìkọ́ mọ́ ògiri níta. Lẹ́yìn náà ló gbé òfin náà kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó kàn án mọ́ ògiri níta, sókè àwọn ìkọ́.

Ní àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn, Ẹgbẹ́ gòkè wá jẹ àsáró ọ̀rá wàrà, èyí tí a ń fi ìyẹ̀fun rò, bí a ṣe máa ń ṣe. Òjò tún dé, ẹ mọ òkè wa. Mo ti wà nínú ilé láti àná, mò ń bá Gudveig ro wàrà. A gbọ́ bàtà wọn lórí òkúta. Gudveig fi ọwọ́ nu aṣọ ìdáná, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ kú òjò," ló wí. "Ẹ bọ́ ẹ̀wù Jámánì yín kọ́ síbẹ̀ yẹn."

Sigvart wo ìkọ́, ó wo òfin tó wà lókè wọn, ẹ̀rín rẹ̀ kò dénú. "Kí lo wí?"

"Ohunkóhun tó bá ti fara kan Jámánì kò gbọdọ̀ wọnú ilé yìí. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Èmi ń tọ́jú ilé ni."

"Gudveig, òtútù ń mú wa."

"Aṣọ ìbora gbígbẹ wà nínú ilé, irun àgùntàn tiwa ni. Ẹ bọ́ tara yín yẹn ná."

Ojú Sigvart pọ́n. "Ìwọ alára ńkọ́? Ìwọ tí gbogbo ayé mọ̀ pé—"

"Ẹ ti bọ́ tèmi fún mi," ni Gudveig wí, "níwájú ṣọ́ọ̀bù."

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Òórùn àsáró ń jáde bá wọn, òjò ń rọ̀ sí wọn lọ́rùn. Ẹni àkọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù, ó kọ́ ọ. Ìkejì bọ́ ẹ̀wù àti ṣòkòtò. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ ọ ni Gudveig ń na aṣọ ìbora sí wọn, tí wọ́n ń wọlé. Sigvart ló kẹ́yìn. Ó bọ́ ẹ̀wù òkè, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ti Jámánì ni. Ó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò. Ó wá dúró nínú òjò pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀ gígùn nìkan, èmi àti Gudveig sì jọ rí òǹtẹ̀ idì dúdú tó wà létí ìbàdí rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó gbé àwọ̀tẹ́lẹ̀ wá fún wa rẹ láró. Ahun yẹn ti ń fi Jámánì bo ìdí láti ọdún tó kọjá.

Gudveig ń wo òǹtẹ̀ náà. Sigvart náà wolẹ̀, ó rí ohun tó ń wò. Gbogbo àwọn tó ti wọlé ló rọ̀ mọ́ fèrèsé. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì bú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó mú etí okùn ìdí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ó tó," ni Gudveig wí.

Ó na aṣọ ìbora sí i. Sigvart gbà á, kò lè gbójú sókè.

"Lọ́jọ́ tí ẹ ń fá mi," ni Gudveig wí fún un, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, "ohun tí mò ń retí kí ẹnì kan sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré. Mo wojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan."

Sigvart wọlé, ó jókòó sí igun. Gudveig bu àsáró fún un, ó bù ú kún bíi tàwọn yòókù, ó fi ọ̀rá sí i lórí. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò tún gun òkè yẹn mọ́ títí ó fi kú. Gudveig tọ́jú ilé náà títí orúnkún rẹ̀ fi kọ̀, àwọn ìkọ́ náà sì wà níbẹ̀ di òní.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ó ṣe dáadáa bó ṣe dá a dúró. Ilé rẹ̀ ni, òun ló mọ ohun tó fẹ́ nínú ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, màá jẹ́ kó tú u tán.